Màmá Tí À Ń Pè Tí Wọn Kì í Dáhùn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo pàdé níbi iṣẹ́ mi ní ìgbà òtútù tó kọjá yìí. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí page yìí gan-an, kíkà ni mo máa ń kà, n kì í sábà kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n gbádùn, àfi kí n sọ ọ́.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ màmá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n yí orúkọ àwọn padà tó bá wù mí, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ yọ Mrs. kúrò níwájú rẹ̀. Nítorí náà, Mrs. Hadley ni kí á máa pè wọ́n. Ẹ máa tó rí ìdí rẹ̀.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní apá Seton ní Calgary níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A máa ń wẹ̀ fún wọn, a máa ń wọṣọ fún wọn, a máa ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, a sì máa ń tì wọ́n jáde sí ọgbà tí oòrùn bá yọ. Láti Cornerstone tí à ń gbé, mo máa ń wa ọkọ̀ gba òpópónà Stoney Trail lọ síbẹ̀. Tí snow bá pọ̀, àdúrà ló ń wa ọkọ̀ náà, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé orúkọ àbísọ ni kí á máa pe gbogbo àwọn àgbàlagbà náà. Wọ́n ní èyí ló máa jẹ́ kí ibẹ̀ dà bí ilé fún wọn.

Ẹ gbọ́ ná. Èmi tí ìyá mi tọ́ dàgbà ní Ìkòròdú, kí n dúró níwájú ẹni tó dàgbà ju ìyá mi lọ, kí n la ẹnu mi pè é ní Dorothy? Báwo ni ẹnu ṣe máa gbà á? Mo gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. “Good morning, ma.” “Good morning, sir.” Bàbá kan sọ fún mi pé òun kì í ṣe sójà, kí n yéé pe òun ní sir. Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì jáwọ́.

Ìgbà tí ewé ń jábọ́ lára igi ni wọ́n gbé Mrs. Hadley dé. Wọ́n ṣubú nílé ara wọn, egungun ìbàdí wọn kán. Obìnrin dúdú ni wọ́n, wọ́n tín-ín-rín, irun wọn funfun bí òwú. Ará Amẹ́ríkà ni wọ́n nípìlẹ̀, láti Alabama. Ọkọ wọn tó ti di olóògbé ló bá iṣẹ́ epo wá sí Calgary nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, màmá sì ṣe olùkọ́ níbí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Vancouver.

N kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀wọ́ yàrá tiwọn nígbà náà. Ohun tí mo kàn ń gbọ́ ni pé màmá yẹn sọ̀rọ̀ dáadáa ní ọjọ́ tí wọ́n dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé, wọ́n á ní, “Lorene, sweetie, ó ti tó àkókò láti jẹun.” Màmá á kọjú sí fèrèsé. “Lorene, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” Kò sí ìdáhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ní etí wọn ti di. Nígbà tí wọ́n yẹ etí náà wò tí kò sóhun tó ṣe é, wọ́n ní á jẹ́ pé ọpọlọ ni.

Ọ̀gá wa lórí ilẹ̀ náà, nọ́ọ̀sì ará Philippines kan tó ń jẹ́ Marites, wá sọ fún wa pé dókítà ń bọ̀ wá yẹ màmá wò. Tó bá rí i pé wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, wọ́n á gbé wọn lọ sí ilẹ̀ kẹrin, ìyẹn fourth floor.

Kí n ṣàlàyé ilẹ̀ kẹrin fún yín. Ibẹ̀ ni àwọn tí iyè wọn ti ra pátápátá ń gbé. Ìlẹ̀kùn ibẹ̀ ní kóòdù. Èèyàn kò lè dá jáde lọ sí ọgbà, kò lè ní ìgò omi gbígbóná tirẹ̀, kò sì lè ti yàrá rẹ̀. Ibi tó dára ni fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí orí rẹ̀ pé ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pààrọ̀ yàrá tí kálukú wa ń tọ́jú, mo sì bá ara mi lọ́dọ̀ Mrs. Hadley. Mo wọlé, mo ní, “Good morning, ma.” Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọn kò sọ nǹkan kan. Mo wẹ̀ fún wọn, wọ́n na apá nígbà tó yẹ kí wọ́n na apá, wọ́n gbé ẹsẹ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú ara mi pé iyè màmá yìí kò ra o. Inú ló ń bí wọn.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nílé wa, tí àgbà bá bínú dákẹ́, a kì í dúró kí á máa bi í pé kí ló dé. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ yóò fara hàn tó bá yá. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo ya irun wọn tán, mo gbé kóòmù sílẹ̀, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ wọn. Mo ní, “Ma, tí a bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá.”

“Dìde níbẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló wọlé. Ohùn náà le, ohùn olùkọ́ ni.

“Mo ní kí o dìde. Obìnrin dúdú kankan kò ní í wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi. Ta ló kọ́ ọ nírú èyí? Ṣé ilé yìí ló ní kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀?”

Mo dìde wùyà. Mo ní rárá ma, ìyá mi ló kọ́ mi.

“Ìyá rẹ? Fún ta ni ìyá rẹ ń kúnlẹ̀?”

Mo ní fún gbogbo ẹni tó bá jù wọ́n lọ.

“Ẹni tó jù wọ́n lọ ní kí ni? Ní owó?”

“Ní ọjọ́ orí, ma. Owó kò sí níbẹ̀.”

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n bi mí pé tí ẹni tó dàgbà náà bá jẹ́ tálákà ńkọ́, tí ọmọdé náà sì jẹ́ olówó? Mo ní olówó náà á kúnlẹ̀. Wọ́n bi mí pé tí ọmọdé náà bá jẹ́ dókítà ńkọ́? Mo ní tó bá dé ilé, kó kúnlẹ̀ fún ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀pà ládùúgbò, kò sẹ́ni tó máa yà lẹ́nu.

“Ìyá tó ń ta ẹ̀pà yẹn, kí ni dókítà náà ń pè é? Ṣé orúkọ rẹ̀ ni?”

“Háà, rárá o, ma! A kì í pe orúkọ àgbà. Orúkọ ọmọ wọn la máa fi pè wọ́n, Ìyá Lágbájá, tàbí kí á pè wọ́n ní màmá.”

Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí eyín màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi ń mì. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé odindi ìlú kan wà láyé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti yé wọn láti ilé. Wá jókòó.”

Mo ní n kò lè jókòó, ma, àwọn mìíràn wà tí mo ní láti gbé dìde. Wọ́n ní ó dáa, ọ̀la ń bọ̀. Bó ṣe di pé láràárọ̀, bí mo bá ti ń ya irun wọn, wọ́n á máa sọ ìtàn fún mi nìyẹn.

Kí n sọ òótọ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ nípa bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe jà fún ẹ̀tọ́ wọn ní Amẹ́ríkà kò ju àwòrán lọ. Èmi àti ọmọ mi, Tèmi, la jọ gé àwòrán mọ́ páálí fún iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù, tí wọ́n dúró níwájú gbohùngbohùn. Ọ̀pọ̀ èrò. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ńlá ni. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá tó ń fọṣọ ni.

Nítorí iṣẹ́ tí ìyá Mrs. Hadley ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ń fọṣọ, wọ́n sì ń dáná fún ìdílé aláwọ̀ funfun kan. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ ilẹ̀ ilé náà, tí ìyàwó onílé á dúró lé wọn lórí máa tọ́ka síbi tí kò mọ́. Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé ọ̀hún tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ìyá yìí ti ń wẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọmọ náà ń bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ìyá rẹ̀ ní láti òní lọ, kí ìyá Mrs. Hadley máa pè é ní Miss. Miss Carol. Ọmọ náà sì ń pe ìyá yìí ní Pearl.

Ọmọ tí wọ́n wẹ̀ fún o. Kóòmù dúró lọ́wọ́ mi.

Mo bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn wá ṣe. Wọ́n ní, “Kí ni ká ṣe? Ó pe ọmọ náà ní Miss. Oúnjẹ wa wà níbẹ̀. Nílé ìtajà, ní báńkì, lọ́dọ̀ dókítà, Pearl ni. Tí kò bá jẹ́ Pearl, “girl” ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ló ti ń jẹ́ Mrs. Grant, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyá mi kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.”

Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n sọ fún mi nípa ilé ìtajà kan láàrin ìlú wọn. Aláwọ̀ dúdú lè ra pẹ́ńsùlù níbẹ̀, ó lè ra ìbọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí wọ́n ti ń jẹun nínú ilé ìtajà kan náà. Mrs. Hadley kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí àwọn àti àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn pinnu pé àwọn máa lọ jókòó.

Ohun tí n kò mọ̀ rí ni pé wọ́n kọ́ ọ bí iṣẹ́ ọwọ́. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ? Basement ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n to àga sí ìlà, àwọn kan jókòó, àwọn kan sì dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ṣe bí aláwọ̀ funfun. Wọ́n á fa irun àwọn tó jókòó, wọ́n á da omi lé wọn lórí, wọ́n á fẹ́ èéfín sìgá sí wọn lójú, wọ́n á bú wọn bí ẹní máa pa wọ́n. Ẹni tó bá dáhùn, tàbí tó bá gbá èèyàn padà, kò ní í bá wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mrs. Hadley ọkùnrin ló dúró lẹ́yìn tiwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fa irun àbúrò rẹ̀, àbúrò náà dìde, ó fún un ní ìgbájú.

“Wọ́n ní kí n máa lọ sílé,” ni Mrs. Hadley wí. “N kò kábàámọ̀. Ìgbájú yẹn ti tọ́ sí i tipẹ́.”

Wọ́n padà lọ ní ọjọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jókòó bí òkúta. Ó wá ku kí ẹ̀gbọ́n wọn tutọ́ sí wọn lára, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ará ìta máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣe é. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ìta, ó ń sunkún. Ẹlòmíràn ló wá ṣe é.

 

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n mú ìwé jìómẹ́tírì dání, kí ojú wọn lè rí ibi tí ó máa máa wò. Ọmọbìnrin aláwọ̀ funfun tó wà nídìí oúnjẹ ní àwọn kì í gbé oúnjẹ fún aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní wọ́n á dúró. Ẹnì kan da mílíìkì tútù lé Mrs. Hadley lórí. Ó ṣàn wọ ẹ̀yìn wọn, ó ṣàn sórí ìwé. Wọ́n nu ojú, wọ́n ń bá ìṣirò wọn lọ.

Mo ní, “Ma, ṣé ẹ gba ìṣirò yẹn?”

“Mo gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e fún olùkọ́ mi, pẹ̀lú mílíìkì lára rẹ̀. Ó máàkì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan nípa mílíìkì.”

Àwọn ọlọ́pàá kó wọn. Ní àgọ́, wọ́n bi wọ́n lórúkọ. Mrs. Hadley ní, “Miss Lorene Grant.” Ọlọ́pàá náà ní kò sí Miss níbí, Lorene ló wà níbí. Láti ìgbà yẹn, Lorene ni wọ́n ń pè tí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, Mrs. Hadley kò sì dáhùn. Oúnjẹ á kọjá lọ. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà ní àtìmọ́lé ló ń bu tiwọn fún wọn.

Ẹ ti rí i báyìí, àbí? Màmá kò dití. Orí wọn kò sì dàrú.

Bí wọ́n ṣe tú wọn sílẹ̀, obìnrin tí ìyá wọn ń bá ṣiṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí ọmọ náà wá tọrọ àforíjì, kó sọ pé wọ́n tan òun ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Pearl má wá sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ìyá náà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, “Mrs. Grant ń lọ sílé.” Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà jáde. Láti gbogbo ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà.

“Ìyá mi kò bá wa jókòó níbì kankan,” ni Mrs. Hadley wí. “Kò sí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé kankan. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó ná an.”

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n bi mí léèrè orúkọ mi. Mo ní Bísí.

“Ìyẹn ló wà lára káàdì àyà rẹ. Orúkọ rẹ ni mò ń bi ọ́.”

Mo ní Adéoyè, ma. Mrs. Adéoyè.

“Adé-kí-ni? Sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.” Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀ títí mo fi yí kẹ̀kẹ́ wọn lọ síbi oúnjẹ. Wọ́n ní àwọn kò lè máa gba Mrs. lọ́wọ́ mi kí àwọn máa fún mi ní Bísí, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìyá àwọn tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Ní Calgary yìí, tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí a ti gba PR, ìwé ìgbélùú wa, ẹni àkọ́kọ́ tó máa pè mí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ mi ló ń pè mí ní Bísí níbi iṣẹ́. Mo ti sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà ń bọ̀, inú mi kò sì balẹ̀. Mo sọ fún màmá pé ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún Marites, èèyàn dáadáa ni.

Wọ́n ní rárá. “Má ṣe gbẹnu sọ fún mi. Tí mo bá ní láti ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, mò ń tọrọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kékeré kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọlé wá lọ́jọ́ tí mo dé ibí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ní Lorene, sweetie. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ẹnì kan bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí. Ìyẹn náà ni mo fẹ́.”

Mo mú Tèmi lọ kí wọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti ń gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu mi nílé. Mo rò pé yóò jókòó jẹ́jẹ́. Rárá. Àwọn ọmọ ibí, ohun tó bá wà nínú wọn ni wọ́n máa sọ. Ó ní, “But ma'am, it's just a name.” Ó ní kí ló dé tí wọn kò kàn dáhùn, kí wọ́n má bàa gbé wọn lọ sókè?

Ojú tì mí. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú màmá dùn sí ìbéèrè náà.

“Ohun tí wọ́n sọ fún àwa náà nìyẹn. Wọ́n ní kọfí lásán ni, kọfí wà nílé yín, ẹ lọ mu ún níbẹ̀. Ọmọ mi, n kò tilẹ̀ fẹ́ràn kọfí.”

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà lọ sílé, Tèmi yọ earpiece kúrò létí, ó ní, “Mom, what if they actually move her?” Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ohun tí mo mọ̀ ni pé màmá kò ní í dáhùn.

Ọjọ́ pé. Dókítà náà kò dàgbà, snow ṣì ń yọ́ lára bàtà rẹ̀. Òun àti Marites wọlé, èmi sì ń po tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí àkókò tíì màmá nìyẹn.

“Lorene, dókítà ni mí. Ṣé ẹ mọ ibi tí a wà?”

Màmá ń wo ojú sánmọ̀.

“Lorene, ṣé ẹ lè sọ oṣù tí a wà fún mi?”

Kò sí ìdáhùn. Dókítà kọ nǹkan sílẹ̀. Marites wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó dùn ún.

Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, ṣùgbọ́n àgbà ti ní kí n má sọ ọ́. Mo ní, Olúwa, kí ni mo lè ṣe tí kò ní í jẹ́ àlàyé? Mo wò ó, mo rí i pé ohun tí mo lè ṣe ni iṣẹ́ mi, bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Mo gbé tíì náà lọ bá wọn.

“Good morning, Mrs. Hadley. Tíì yín rè é.”

“Good morning, Mrs. Adéoyè. Báwo ni ọ̀nà ṣe rí?”

“Ó ń yọ̀ díẹ̀, ma.”

“Afẹ́fẹ́ gbígbóná Chinook ti ń fẹ́ bọ̀. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ máa yọ́. Tèmi ńkọ́, ṣé ó ti gba máàkì iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀?”

“Kò tíì gbà á, ma. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Sọ fún un pé mò ń dúró dè é.”

Bíró dókítà ti dúró. Ó wò mí. Èmi wo ife.

Dókítà yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá ojú màmá dọ́gba. Ó ní, “Ẹ forí jì mí. Mo ti ń bi yín ní oríṣiríṣi, n kò tíì bi yín ní èyí tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi yín. Kí ni kí n máa pè yín?”

Màmá gbé ife sílẹ̀. Wọn kò yára. Wọ́n tún kọ́là aṣọ wọn ṣe.

“Mrs. Hadley,” ni wọ́n wí. “O ṣeun. Ìwọ ńkọ́?”

Ó sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ oṣù, wọ́n mọ ilẹ̀ tí a wà nínú ilé náà. Nígbà tó ní kí wọ́n ya àwòrán aago fún òun, bí wọ́n ṣe máa ń dán iyè àgbàlagbà wò, wọ́n bi í pé aago mélòó ló ń fẹ́. Mo ní láti jáde, nítorí ojú mi ti kún fún omi, iṣẹ́ sì pọ̀ níwájú.

Kò sẹ́ni tó gbé wọn lọ sí ilẹ̀ kẹrin.

Marites bá mi ní kọ́rídọ̀, ó ní kí ló dé tí n kò sọ fún òun. Mo ní wọ́n ní kí n má sọ. Ó wá sọ fún mi pé ní ìlú àwọn náà, àwọn kì í pe orúkọ àgbà lásán, ìyá òun ì bá gbá òun lẹ́nu. Ó ní òun náà ti gbé àṣà yẹn mì nígbà tí òun dé Canada.

Láti ìgbà náà, tí ẹni tuntun bá dé sí ilẹ̀ wa, Marites fúnra rẹ̀ ló máa ń bi í pé kí ni kí á máa pè é. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ní kí á pe àwọn ní Bob, kí á pe àwọn ní Jean, kí á má yọ ara wa lẹ́nu. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. A ti bi wọ́n.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Mo rò pé ìjà àwọn èèyàn yẹn jẹ́ ti ìjókòó inú bọ́ọ̀sì àti àga ilé oúnjẹ nìkan. Mrs. Hadley ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń jà fún ni èyí tí àwa gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti kékeré, pé kí á fi ọ̀wọ̀ pe ìyá ẹni. Àwa jogún rẹ̀ ni. Àwọn jókòó nítorí rẹ̀, mílíìkì ń ṣàn lára wọn, kí wọ́n tó rí i gbà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn arúgbó tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ wọn. N kò mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti là kọjá, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní í sí ẹni tí a máa bi mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé àgbàlagbà kan wà ládùúgbò yín, ní New Brighton, ní Lọ́ndọ̀nù, ní Ìbàdàn, ibi yòówù kí ẹ wà, tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún yín tí ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí. Mo máa kà á, mo sì máa túmọ̀ èyí tó bá wọ̀ mí lọ́kàn fún Mrs. Hadley nígbà tí mo bá ń ya irun wọn. Wọ́n ní àwọn ti sọ tiwọn tó, àwọn fẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn.